Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Ajá Kò Gbọdọ̀ Pẹ́

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń sin ajá ní Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti káàkiri Rẹ́mọ, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí àìsàn bá dá ajá dùbúlẹ̀ kí ẹ tó wá dókítà ẹranko. Láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni ọmọ ajá ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára parvo, àrùn tí ń fa èébì àti ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, a ó sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 síra títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16, nítorí ààbò tí ó rí nínú wàrà ìyá rẹ̀ lè dí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Ti dìgbòlugi ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù 3. Èyí ni ó ká mi lára jù, nítorí bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó sábà máa ń já sí. Ẹni tí ajá bá gé jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ní ti eégbọn, ẹ máa yẹ etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ajá wò, pàápàá ajá ọdẹ. Ẹ má ṣe da oògùn kòkòrò oko sí i lára.