Kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ tó jọra gbọ́

Ní Hamburg, mo rí "Gift" lára ìgò kan, mo rò pé ẹ̀bùn ni wọ́n ń tà. Májèlé ni lédè Jámánì! Látìgbà náà, n kì í ka ọ̀rọ̀ kan láìkọ́kọ́ béèrè èdè tó ni ín.

Ẹ wo ìlú tí ẹ wà. "Burro" lára páálí ní Ítálì, bọ́tà ni, ẹ fi pa búrẹ́dì. Ní Sípéènì, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó yí i ká pẹ̀lú. Ní Sweden, "gift" lè jẹ́ májèlé, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ti ṣègbéyàwó (èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o). Bí wọ́n bá ní "han är gift", ẹ má pe dókítà. Ọkùnrin náà ti láya nílé ni.

Ti ẹ̀rọ omi Ítálì ló le jù: "C" ara ẹ̀rọ ibẹ̀ kì í ṣe "cold", ìyẹn tútù, bíi ti Lọ́ńdọ̀nù, "caldo" ni, ìyẹn gbígbóná. Ẹ fi ìka kan tọ́ ọ wò ná.