Bí mo ṣe kọ "wọ́n ní" ará àdúgbò wa ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láìba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́

Wọ́n jí wáyà tìráńsífọ́mà àdúgbò wa gbé lóru, ẹgbẹ́ àwọn onílé sì pe ìpàdé pàjáwìrì. Yorùbá la fi sọ gbogbo ọ̀rọ̀ níbẹ̀, bí a ti máa ń ṣe ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé tó máa ti ìpàdé náà jáde gbọ́dọ̀ jẹ́: ẹ̀dà kan fún ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, ọ̀kan fún àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀kan fún fáìlì ẹgbẹ́. Èmi ni akọ̀wé. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe ṣe é, torí iṣẹ́ náà kò yọ ọ̀pọ̀ nínú wa sílẹ̀. Akọ̀wé ìjọ ń ṣe é, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń ṣe é, ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìjọba náà ń ṣe é.

Ohun tó mú kí n fara balẹ̀ ni pé "wọ́n ní" ló pọ̀ jù nínú ìpàdé ọjọ́ náà. Wọ́n ní ọlọ́dẹ sùn. Wọ́n ní àwọn olè gbé ọkọ̀ wá. Èyí tó burú jù ni pé orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń ti ẹnu ẹnì kan bọ́ sí ẹnu ẹlòmíràn, wọ́n ní òun ló wà nídìí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lè tán bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ṣùgbọ́n ìwé tó bá ti dé àgọ́ ọlọ́pàá kì í tán bọ̀rọ̀. Mo pinnu pé ìwé mi kò ní sọ ju ohun tí a mọ̀ lọ, kò sì ní sọ dín.

Yorùbá ni mo fi kọ gbogbo ohun tí mo gbọ́ nígbà ìpàdé. Àwọn akọ̀wé kan máa ń yí i sí Gẹ̀ẹ́sì lójú ẹsẹ̀. N kò bá wọn ṣe é, torí ohun tó máa kọ́kọ́ sọnù ni "òun". Ẹ wo ohun tí akápò sọ: "Alága sọ fún mi pé òun ti sanwó fún àwọn oníná." Alága ló sanwó, kò sí àríyànjiyàn. Ká ní "Alága sọ fún mi pé ó ti sanwó" ni akápò wí, gbogbo wa là bá mọ̀ pé ẹlòmíràn ni alága ń tọ́ka sí. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohun tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí o bá kọ ọ́ pé "The treasurer reported that the chairman had told him that he had paid the company", ta ni "he" ìkẹyìn yẹn? Ó lè jẹ́ alága, ó lè jẹ́ akápò, ó lè jẹ́ ẹnì kẹta tí kò sí níjòókòó. Níbi tí owó ẹgbẹ́ bá wà, irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ tó ohun tí í dá ìjà sílẹ̀.

Nítorí náà, kí n tó kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan, mo fa ìlà sábẹ́ gbogbo "òun" tó wà nínú ìwé mi, mo sì kọ ipò ẹni tó ni ín sí òkè rẹ̀. Gbólóhùn akápò wá di: "The treasurer reported that the chairman had told him that he, the chairman, had paid the company." Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn létí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á kò ní béèrè ẹni tó sanwó.

Àsìkò ọ̀rọ̀-ìṣe ló tẹ̀lé e. Yorùbá kì í yí i. "Mò ń bọ̀" lẹni náà sọ, "ó ní òun ń bọ̀" la ó wí, ì báà ṣe àná ló sọ ọ́, ì báà ṣe ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, bí "said" bá ti wà níwájú, ohun tó tẹ̀lé e máa ń sún sẹ́yìn: "is" á di "was", "paid" àti "have paid" á di "had paid", "will" á di "would", "can" á di "could". "Had paid" fúnra rẹ̀ kò níbi tí yóò sún sí mọ́. Gẹ̀ẹ́sì gbà kí o fi ohun tó ṣì jẹ́ òtítọ́ títí di òní sílẹ̀ bó ṣe wà, bíi "She said that the transformer serves the whole street", ṣùgbọ́n nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé, mo máa ń sún gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn. Àkọsílẹ̀ ọjọ́ kan ni, kò yẹ kí ó máa jẹ́rìí sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí ọjọ́ pẹ̀lú ní láti yí. Alága ní, "A ó lọ bá wọn lọ́la." Bí mo bá kọ "tomorrow", ọ̀la ta ni? "The following day" ni mo kọ. "Àná" di "the previous day". Ṣùgbọ́n nípa òru tí wọ́n jalè gan-an, déètì ni mo kọ, torí ọlọ́pàá nílò ọjọ́ tí kò ní mú ìṣirò dání.

"Pé" àti "kí" ló ṣamọ̀nà mi níbi àṣẹ. "Ó ní pé ọlọ́dẹ ń sùn" jẹ́ ìròyìn, "said that" ló gbà á. "Ó ní kí ọlọ́dẹ má sùn" jẹ́ àṣẹ, ó di "told the guard not to sleep". Ìbéèrè ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. "Ó béèrè pé ṣé àwọn oníná ti fèsì" di "He asked whether the company had replied". Kì í ṣe "asked had the company replied". Ètò ìbéèrè á túká, gbólóhùn á padà sí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lásán, àmì ìbéèrè náà á lọ.

Ibi tí mo pẹ́ sí jù ni yíyan ọ̀rọ̀ tí yóò dúró fún "ó ní". Yorùbá náà lè wí pé ó ṣàlàyé, ó tẹnu mọ́ ọn, ó sẹ́, ó dábàá, ó kìlọ̀, ṣùgbọ́n "ó ní" ń gbé gbogbo wọn láìdájọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń dájọ́. Ọlọ́dẹ wa ní òun lọ gbọ̀nsẹ̀ ní nǹkan bí aago méjì òru. Bí mo bá kọ "The guard admitted that he had left his post", mo ti sọ pé ó jẹ̀bi. Bí mo bá kọ "claimed", mo ti sọ pé n kò gbà á gbọ́. "Stated" ni mo lò. Bákan náà, nígbà tí wọ́n bi í bóyá ó mọ àwọn olè náà, tó sì ní rárá, "denied knowing the thieves" ni mo kọ, torí wọ́n ti fẹ̀sùn kàn án ní tòótọ́, òun sì sẹ́.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ohun tó máa ń tẹ̀lé e, ó yẹ kí a há a sórí pẹ̀lú rẹ̀. "Denied" ń fẹ́ "-ing". "Warned" àti "urged" ń fẹ́ ẹni tí a sọ ọ́ fún, kí "to" tó wọlé. "Explained" kò gba èèyàn ní tààrà: "explained to the members", kì í ṣe "explained the members". "Suggested" kì í gba "suggested him to go" láé. "Suggested that he should go" ni. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì dìde níbi ìpàdé, ó ní dandan ni kí a san owó oṣù ọlọ́dẹ kí a tó ra wáyà tuntun. Ìyẹn kì í ṣe àbá. "She demanded that the guard's wages be paid before any new cable was bought." "Be" yẹn ni kó dúró, kì í ṣe "are" tàbí "were".

Mo wá dé ọ̀dọ̀ "wọ́n".

Bàbá àgbàlagbà kan ló sọ níbi ìpàdé pé, "Wọ́n ní wọ́n rí ọmọ yẹn lẹ́bàá tìráńsífọ́mà lóru." Mo lọ bá a nílé lẹ́yìn ìpàdé.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan, ṣé ẹ̀yin gan-an lẹ rí i, àbí ẹnì kan ló sọ fún yín?"

"Akọ̀wé, èmi kọ́ o. Ìyá oníbúrẹ́dì ló sọ fún mi."

Ìyá oníbúrẹ́dì ní, "Èmi náà gbọ́ ọ ni, ọmọ mi. Àwọn ọlọ́kadà ní ìkòríta ló ń sọ ọ́." Nígbà tí mo dé ìkòríta, ẹnì kan ṣoṣo ló rí nǹkan kan: ó rí ẹnì kan pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kò rí ojú rẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn wọ inú ọ̀rọ̀ náà lójú ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó lè sọ ibi tó ti wọ̀ ọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Níbí yìí, a kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan ṣoṣo yẹn tán.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún "wọ́n" tí kò lórúkọ. Èkíní ni kí o fi "it" síwájú: "It is said that the thieves came by car." Èkejì ni kí o gbé ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ síwájú, kí "to" tẹ̀lé e: "The thieves are said to have come by car." Àwọn tó bá ń múra fún ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní C1 Advanced ti Cambridge á ti pàdé èyí nínú Part 4 ti Reading and Use of English, níbi tí ìbéèrè 6 wà, tí wọ́n á fún ọ ní ọ̀rọ̀ kan tí o kò gbọdọ̀ yí padà, kí o sì fi ọ̀rọ̀ 3 sí 6 parí gbólóhùn. Bí wọ́n bá fún ọ ní "People think the guard was asleep" àti ọ̀rọ̀ náà THOUGHT, "The guard is thought to have been asleep" ni wọ́n ń wá.

Ohun tó wà lẹ́yìn "to" ló ń sọ àsìkò. "Is said to sleep there": ìṣe rẹ̀ ni. "Is said to be sleeping there": ó wà lórí oorun báyìí. "Is said to have slept there": ó ti kọjá. "Are said to have been stolen": àwọn nǹkan náà kọ́ ló ṣe é, ẹlòmíràn ló ṣe é sí wọn. Ẹ sì kíyè sí i pé "They say him to be a thief" kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. "Say" kì í gba irú ètò yìí àfi tó bá di "is said".

Ní ti ìtumọ̀, ọ̀nà méjèèjì dọ́gba. Ní ti ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, wọn kò dọ́gba rárá. Èkejì ń fi orúkọ ẹni náà ṣe orí gbólóhùn, ojú òǹkàwé á sì ti bà lé e kó tó rí "said". Nítorí náà, àwọn nǹkan ni mo lo èkejì fún: "The cables are believed to have been removed between midnight and 4 a.m." Bó bá ti kan èèyàn, "it" ni.

Mo tún wọn "said", "believed", "known" àti "alleged" wò dáadáa. "Known" kò fi àyè sílẹ̀ fún iyèméjì; ibi kan ṣoṣo ni mo ti lò ó, níbi tí ìwé tí ọlọ́dẹ máa ń buwọ́ lù ti fi hàn pé wáyà ṣì wà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Believed" ń fẹ́ ìdí. "Alleged" jẹ́ ẹ̀sùn tí a kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀, òun sì ni àwọn ìwé ìròyìn wa máa ń lò kí ilé ẹjọ́ tó dájọ́. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí n kọ orúkọ ọmọ náà, kí n sáà fi "alleged" sí i. Mo kọ̀. Òfin ìbanilórúkọjẹ́ tí a jogún lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ka "ẹnì kan ló sọ fún mi" sí àwíjàre. Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà ti ọdún 2011 pàápàá, ní abala 37 àti 38, kò gba àgbọ́sọ wọlé bí ẹ̀rí àyàfi níbi tí òfin bá yọ̀ǹda rẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí náà kò gbà á.

Ṣùgbọ́n n kò lè díbọ́n pé wọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni níbi ìpàdé. Ohun tí mo kọ sínú àkọsílẹ̀ nìyí: "It was said that a person had been seen near the transformer during the night. A name was mentioned, but no one present stated that they had seen the theft." Ọ̀rọ̀ ọlọ́kadà kò sí nínú àkọsílẹ̀, torí kò sí nípàdé. Inú lẹ́tà sí ọlọ́pàá ló wọ̀, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda: "A motorcyclist later told the secretary that he had seen a person with a torch but had not seen the person's face." "Told", torí ó sọ ọ́ fún mi lójúkojú. Kò sí ìdí láti pa á mọ́ sẹ́yìn "it was said" nígbà tí mo mọ ẹni tó sọ ọ́.

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún bàbá ní Yorùbá kí ó tó jáde. Ó ní, "Ohun tí mo sọ gan-an nìyẹn." Ìpàdé tó tẹ̀lé e gbà á wọlé, alága buwọ́ lù ú. Ìwé tí mo fi Yorùbá kọ, mo so ó mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì inú fáìlì, kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ akọ̀wé lọ́wọ́ mi lè rí ẹni tó ni "òun" kọ̀ọ̀kan.