Ẹ Yé Fún Ẹ̀yìn Le: Àṣìṣe Táwọn Tí Ẹ̀yìn Ń Dùn Máa Ń Ṣe

Ẹ wo ẹni tí ẹ̀yìn ti ń dùn ju oṣù mẹ́ta lọ bó bá fẹ́ gbé korobá omi nílẹ̀. Á sé èémí, á fún ikùn, á wá rọra tẹ̀ ba bí ẹni tí wọ́n de pákó mọ́ lẹ́yìn. Ó rò pé òun ń ṣọ́ra ni. Lójú tèmi, àṣìṣe tó burú jù nìyẹn.

Ṣé ẹ rí i, ńṣe ni iṣan ikùn àti ti ẹ̀yìn máa ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Tí ara bá dá, tí ẹ bẹ̀rẹ̀ pátápátá bí ìgbà tí ẹ ń fi ìgbálẹ̀ wa tí kò lọ́pàá gbálẹ̀, ó níbi tẹ́ ẹ máa dé tí iṣan gbọọrọ ẹ̀yìn á dákẹ́, á sinmi díẹ̀ kẹ́ ẹ tó nàró. Lára ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹ̀yìn ti ń dùn pẹ́, kì í dákẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá ń rìn pàápàá, èjìká àti ìbàdí á jọ máa yí lọ síbì kan náà, bí ère.

Lọ́dún 1996, àwọn olùṣèwádìí méjì ní Ọsirélíà, Paul Hodges àti Carolyn Richardson, ní káwọn èèyàn yára ju apá sókè. Lára àwọn tí ẹ̀yìn ò yọ lẹ́nu, iṣan tó jinlẹ̀ jù níkùn, èyí tó yí wa ká bí ọ̀já ìpọnmọ, ti fún kí apá tó gbéra. Lára àwọn tí ẹ̀yìn ń yọ lẹ́nu, ó pẹ́ kó tó dáhùn.

Ẹlòmíràn á gbọ́ èyí, ló bá di fífún ikùn láti àárọ̀ dalẹ́. Rárá o! Àsìkò ló ṣì mọ́ iṣan lọ́wọ́. Fífún un pa kò lè kọ́ ọ lásìkò.

Bélíìtì ẹ̀yìn ńkọ́? Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2023 fún irú ẹ̀yìn dídùn yìí, wọn ò gbà wá nímọ̀ràn rẹ̀. Ká sùn sílẹ̀ títí dọjọ́ tí kò ní dùn mọ́ náà kò dáa. Agbo jẹ̀dí? Ẹ dákun. Gbogbo ẹ̀yìn tó bá ti ro wá, jẹ̀díjẹ̀dí la ó dá lẹ́bi, a ó ní súgà ni.

Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá ń dá dúró tàbí tó ń dá jáde, tí abẹ́ kú tipiri, tàbí tí ẹsẹ̀ ń rọ, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an.

Tí kò bá sí ìyẹn, ẹ padà sídìí korobá. Ẹ bu omi dé ìdajì péré. Ẹ jẹ́ kí orúnkún àti ìbàdí tẹ̀ bó ṣe wù wọ́n, kẹ́ ẹ máa mí jáde bẹ́ ẹ ṣe ń dìde. Ìgbà mẹ́wàá lóòjọ́ tó. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ fi ife omi méjì kún un. Bí ìrora bá sì lọ, ẹ má tíì dáwọ́ dúró, torí ìrora lè lọ káwọn iṣan wẹ́wẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn má tíì padà sípò.