Bí a ṣe yanjú ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí níbi ìgbéyàwó wa ní New York

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹlẹ́rìí wa, rí gbà lẹ́nu iṣẹ́. Láti Houston ni wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ padà lálẹ́ ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀, òfin ní kí tọkọtaya gba ìwé àṣẹ, kí wọ́n sì dúró fún wákàtí 24 kí wọ́n tó lè so yìgì.

Ohun tó tú u ni pé ẹlẹ́rìí ò nílò láti wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń gba ìwé àṣẹ. Èmi àti àfẹ́sọ́nà mi nìkan la mú páásípọ́ọ̀tù lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń so yìgì ní Worth Street, Manhattan, a fi káàdì san dọ́là 35. Ọjọ́ 60 ni ìwé náà fi ń ṣiṣẹ́, a wá fi yìgì sí Jímọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Dọ́là 25 ni owó síso yìgì náà. Ẹlẹ́rìí kan tó ti pé ọdún 18 ti tó, kó ṣáà mú ìwé ìdánimọ̀ dání.

Kò pẹ́ rárá o! Gèlè ẹ̀gbọ́n mi gba àkókò jù ú lọ. Ẹ sáà yẹ orúkọ yín wò lẹ́tà-lẹ́tà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Orúkọ Yorùbá gùn.