Àkàrà Tó Fúyẹ́: Ohun Tí Ọwọ́ Ìyá Alákàrà Mọ̀

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ àti ìdílé

Tí àkàrà bá le, a máa ń ní ọwọ́ ẹni tó dín in ni kò dára. Ọwọ́ ni lóòótọ́, àmọ́ gbogbo ohun tí ọwọ́ náà ń ṣe ló nídìí. Ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀ lè kọ́ ọ, á sì mọ ibi tó ti bà jẹ́ lọ́jọ́ tí àkàrà bá kọ̀ tí kò wú.

Inú àká ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wà tó bá ti pẹ́ jù nínú ooru kì í hó bí ọṣẹ dáadáa mọ́ tí a bá lọ̀ ọ́ tí a sì lù ú. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ sá ẹ̀wà yín gbẹ títí tí yóò fi máa ró lẹ́nu tí ẹ bá fi eyín gé e. Ẹ wá rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tàbí dúrọ́ọ̀mù gbígbẹ kó kún dé ẹnu, kí ẹ sì dé e pinpin. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ yóò mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, yóò sì kú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má da oògùn apakòkòrò sí ẹ̀wà tí ọmọ ènìyàn máa jẹ. Ó ń pa ènìyàn, ẹ má sì gbọ́kàn lé e pé fífọ̀ á mú un kúrò.

Rírẹ àti bíbó kò le. Ìṣẹ́jú 10 sí 20 nínú omi tútù ti tó kí èèpo máa bọ́. Tí ẹ bá bó o tán, ẹ tún rẹ ẹ́ fún bíi wákàtí 1 sí 2 kó lè kúnná. Ẹ má jẹ́ kó sùn mọ́jú nínú omi lásìkò ooru, yóò kan. Tí ẹ bá gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ, ẹ dúró tì í: ó fẹ́ràn kó da omi sí i kí iṣẹ́ lè yá, omi náà ló sì ń ba àkàrà jẹ́.

Pípò ni iṣẹ́ gan-an. Ẹ dà á sínú odó tàbí abọ́ jíjìn, ẹ fi ọmọ odó tàbí orógùn lù ú, kí ẹ máa gbé e láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Afẹ́fẹ́ ni ẹ ń kó sínú rẹ̀. Purotéènì ẹ̀wà á yí afẹ́fẹ́ náà ká wẹ́wẹ́, bí ọṣẹ ṣe ń ṣe tó fi ń hó. Nígbà tó bá dé inú òróró gbígbóná, purotéènì náà á le, ihò kéékèèké wọ̀nyẹn á sì dúró síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àkàrà fi ń rọ̀ bí òwú láìsí yíìsì. Tí omi bá pọ̀, ìhó náà á bẹ́. Tó bá ki jù, afẹ́fẹ́ ò ní ráyè wọlé. Òróró tó kù lára abọ́ náà máa ń pa ìhó, ẹ fọ abọ́ yín mọ́.

Ìṣẹ́jú mélòó? Mi ò ní fún yín ní iye kan, torí ẹ̀wà olóyin òní lè má rí bíi tàná. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀, á funfun sí i, á wú, ọwọ́ yín á sì mọ̀ pé ó ti fúyẹ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n, kó bu bíńtín sínú ife omi. Tó bá léfòó, ó tó. Tó bá rì, kó tún lù ú. Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brasil, àwọn obìnrin tó ń ta acarajé, tí orúkọ rẹ̀ wá láti ara àkàrà tiwa, ṣì ń fi orógùn igi lu tiwọn bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó dín in nínú epo pupa.

Ìgbà tí òróró bá ti gbóná ni kí ẹ tó fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà gígé sí i. Iyọ̀ máa ń fa omi jáde lára àlùbọ́sà, omi yẹn á sì ba làálàá yín jẹ́. Ẹni tó bá ní òṣùwọ̀n ooru, kó jẹ́ kí òróró wà ní nǹkan bíi 175 sí 180 lórí Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì. Ègé àlùbọ́sà ni ìyá alákàrà ń jù sí i ní tiẹ̀: tó bá hó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí kò dúdú, ó ti tó dín. Ẹ má kó o kún agbada lẹ́ẹ̀kan náà. Òróró á tutù, àkàrà á sì mu ún yó.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ráyè, ẹ pín ẹ̀wà lílọ̀ kan sí ọ̀nà 2. Ẹ lu apá kan dáadáa, kí ẹ fi ìkejì sílẹ̀ bó ṣe ti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ dé. Ẹ dín wọn nínú òróró kan náà, ẹ là wọ́n sí méjì, kí ẹ sì pe àwọn ọmọ wá wo inú wọn.