Bí orúkọ dókítà ṣe bá mi mú ààrẹ nínú krọ́sìwọ́ọ̀dù

Bí krọ́sìwọ́ọ̀dù, eré fífi lẹ́tà kún àpótí ní òòró àti ìbú, bá da olóṣèlú pọ̀ mọ́ oníṣègùn, oníṣègùn ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Oyè ni wọ́n sábà fi ń júwe olóṣèlú, oyè kan náà sì lè wà lórí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Iṣẹ́ ọwọ́ dókítà ni wọ́n máa ń sọ ní tirẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Ọláìyá, Òṣogbo níbí, òòró kan wà tó ní àpótí 7: “Ààrẹ àkọ́kọ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀, Áfíríkà.” Bàbá kan tó jẹ́ olùkọ́ tẹ́lẹ̀, tí a jọ ń ṣe é, ní Awólọ́wọ̀ ni. Mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú, Prẹ́míà Ìwọ̀ Oòrùn ni wọ́n jẹ, wọn ò jẹ ààrẹ.” Ṣùgbọ́n Azikiwe ńkọ́? Nkrumah, Nyerere, Senghor? Lẹ́tà 7 ni gbogbo wọn, ààrẹ àkọ́kọ́ sì ni gbogbo wọn.

Mo fi í sílẹ̀, mo bọ́ sórí ìbú. “Abẹ́rẹ́ ìgbóná, 1796”: Jenner ni, kò sí ẹlòmíì. N rẹ̀ bọ́ sí àpótí kẹta ààrẹ wa. Azikiwe, Nkrumah àti Nyerere já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá ní Mandela náà ní N níbẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ de Klerk ti jẹ ààrẹ South Africa ṣáájú rẹ̀; mo ṣì fẹ́ ẹ̀rí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbú ìsàlẹ̀ pátápátá béèrè ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1902 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀fọn àti ibà. Ross. R ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, R náà ló sì parí òòró wa: Senghor, ti Senegal.

Ibí gan-an ló dùn mọ́ mi jù. S àkọ́kọ́ Senghor ló bẹ̀rẹ̀ ìbú òkè, àpótí 6: “Dókítà Èkó tó bá ìgbóná jà.” Sàpàrà! Dókítà Ògúntọ́lá Sàpàrà, àbúrò Sàpàrà Williams, agbẹjọ́rò. Ìdílé Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, ẹ̀yìn Òṣogbo wa níbí. Ọkùnrin yìí dọ́gbọ́n wọ ẹgbẹ́ àwọn àwòrò Ṣànpọ̀nná, ó wà láàárín wọn títí ó fi rí i pé àwọn kan ń mú èépá ara aláìsàn, tí wọ́n ń fi kó àrùn náà ran ẹlòmíì. Ohun tó tú jáde ló jẹ́ kí ìjọba òyìnbó fòfin de ẹgbẹ́ náà. Ẹ rò ó wò: bí àṣírí rẹ̀ bá tú níbẹ̀ ńkọ́? Bàbá náà kàn ń mi orí ni. “Olóde” ṣáá ni wọ́n ń pe àrùn náà, wọn ò dárúkọ rẹ̀ gangan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àjọ ìlera àgbáyé ti kéde lọ́dún 1980 pé ó ti tán láyé.

Lẹ́yìn èyí, ìyókù yá. Dókítà ọpọlọ tó ṣiṣẹ́ ní Arò l'Ábẹ́òkúta, àpótí 5: Lambo. Bàbá gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra wọn.