Fọ́tò inú fóònù: ṣé ká tẹ̀ ẹ́ nílé ni àbí ká gbé e lọ sí láàbù tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò?

Ẹ jọ̀ọ́, fọ́tò tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ̀, ẹ má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bẹ́ẹ̀ lásán o, ńṣe ló máa ń fún un pọ̀, tó bá wá dórí pépà, ojú èèyàn á kàn rí bàìbàì. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, àbí kẹ́ ẹ kó o sínú flash. Fọ́tò 4x6 tó máa hàn ketekete gbọ́dọ̀ ní tó pixel (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò) 1200 ní ẹ̀gbẹ́ tó kúrú, àti 1800 ní ẹ̀gbẹ́ tó gùn.

Tó bá jẹ́ ẹyọ méjì mẹ́ta, tẹ́ ẹ sì ní printer tó ń lo íńkì olómi, ẹ ra glossy paper, ìyẹn pépà fọ́tò tó ń dán, kẹ́ ẹ yan glossy nínú setting, ẹ má fọwọ́ kàn án títí á fi gbẹ. Àmọ́ printer téèyàn ò lò fún oṣù méjì, íńkì lè gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu, tèmi ṣe bẹ́ẹ̀, ìlà funfun funfun gba ojú ìyá mi kọjá nínú fọ́tò, ó dùn mí gan-an.

Fọ́tò ìgbéyàwó tó pọ̀, láàbù ni o. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan, kẹ́ ẹ wo àwọ̀ ara, torí wọ́n lè sọ èèyàn dúdú di pupa, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe kí wọ́n tó tẹ ìyókù.